ẸRANKO TÍ A ṢÍ NÍPÒ KÌ Í DÁ RÌN

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ìlú sọ níbi ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú Ìlú Ẹdúnàbọ̀n

   

Ọ̀rọ̀ tí a gbé lé wa lọ́wọ́ láti sọ lónìí kì í ṣe ti ọ̀nà, kì í ṣe ti omi ẹ̀rọ, kì í sì í ṣe ti iná mànàmáná, àwọn ọ̀rọ̀ tí etí gbogbo wa ti mọ̀ dáradára nínú ìpàdé yìí. Ọ̀rọ̀ ẹranko ìgbẹ́ ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ wa kan tí wọ́n wà ní Èkó àti ní òkè òkun ni wọ́n dá àbá kan, tí wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó lé e lórí. Wọ́n ní kí Ẹgbẹ́ pa ààlà yí ìwọ̀nba igbó tí ó kù fún wa ní etí odò ká, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gé igi níbẹ̀ mọ́, kí a sì ra ìgalà, ẹtu, ọ̀bọ àti ẹdun láti ibòmíràn, kí a tú wọn sínú rẹ̀, kí àwọn ọmọ wa lè fi ojú ara wọn rí ohun tí wọ́n ń kà nínú ìwé.

Àbá náà dùn mọ́ wa nínú. Àwọn àgbà tí ó jókòó síhìn-ín lè jẹ́rìí pé ní ìgbà èwe wọn, ènìyàn kò ní láti rìn jìnnà kí ó tó gbọ́ ohùn ẹranko. Lónìí, ọdẹ lè ti alẹ́ wọ igbó títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, kí ó má rí ju òkété kan lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ronú bí ẹranko yóò ṣe padà wá, ẹni rere ni. Ṣùgbọ́n igi gańgańran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. A ti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, ohun tí a sì rí ni pé ẹranko tí a ṣí nípò kì í dá rìn: àrùn a máa bá a lọ, òmíràn a sì máa dúró dè é níbi tí ó ń lọ. Èyí ni a fẹ́ là yé yín, kí ó lè jẹ́ pé ojú wa là nígbà tí a bá fẹ́ fi ọwọ́ sí ìwé.

OHUN TÍ EWÚRẸ́ ỌJÀ ÀTI ẸṢIN Ọ̀YỌ́ KỌ́ WA

Kò sí ìyá kan tí ń sin ewúrẹ́ ní ìlú yìí tí kò gbọ́ orúkọ àrùn tí wọ́n ń pè ní kata. A lọ sí ọjà, a rí ewúrẹ́ tí ara rẹ̀ ń dán, a ná an, a rà á, a fà á wálé, a sì tú u sáàárín àwọn ti ilé. Kò pẹ́ kò jìnnà, ikun bẹ̀rẹ̀ sí í dà nímú wọn, ojú ń ṣẹ ipin, ikọ́ dé, ìgbẹ́ gbuuru dé. Kí a tó mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀, agbo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Àrùn náà kò sí nílé tẹ́lẹ̀. Ewúrẹ́ kan ṣoṣo ni ó gbé e wá, ìkánjú wa ni ó sì ṣílẹ̀kùn fún un. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó gbọ́n fi ń so ẹran ọjà mọ́lẹ̀ lọ́tọ̀ fún ọjọ́ pípẹ́, kí wọ́n tó jẹ́ kí ó bá àwọn yòókù jẹ nínú abọ́ kan náà.

Ẹ tún rántí ìtàn Ọ̀yọ́ Ilé. Agbára ẹṣin wà lára ohun tí ó mú kí apá Aláàfin ká ilẹ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n láti apá òkè Ọya ni wọ́n ti ń ra àwọn ẹṣin náà, wọn kì í sì í pẹ́ láyé bí wọ́n bá ti sọ̀ kalẹ̀ sí ìhà igbó. Irù, eṣinṣin tí ń mu ẹ̀jẹ̀, ni ó ń fi àrùn sí wọn lára, tí wọ́n fi ń rù tí wọ́n fi ń kú, tí a sì ní láti máa ra òmíràn dípò wọn léraléra. Bẹ́ẹ̀ ìgalà àti ẹfọ̀n tí a bí sínú igbó lè ru kòkòrò àrùn kan náà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn kí ó má ṣe wọ́n ní nǹkan kan.

Ẹ̀kọ́ méjì ni èyí. Ewúrẹ́ ọjà gbé àrùn wá bá onílé. Ẹṣin Ọ̀yọ́ bá àrùn nílé onílé. Gbogbo ohun tí a ó sọ lẹ́yìn èyí, inú ọ̀kan nínú méjèèjì yìí ni yóò bọ́ sí.

IṢẸ́ RERE NI, BÍ A BÁ ṢE É BÍ Ó TI YẸ

A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé a wí pé kí a má ṣí ẹranko nípò rárá. Àwọn ẹranko kan wà tí ìbá ti run bí kì í bá ṣe pé a ṣí wọn. Ní orílẹ̀-èdè Niger, ní òkè wa níhìn-ín, àgùnfọn ti dínkù tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé 49 péré ni ó kù ní ọdún 1996. Ìjọba ibẹ̀ àti àwọn ará abúlé dáàbò bò wọ́n, wọ́n sì bí sí i títí wọ́n fi ju 600 lọ. Ṣùgbọ́n agbègbè kan ṣoṣo nítòsí Kouré ni gbogbo wọn há mọ́. Bí àrùn tàbí ọ̀dá bá kọlu ibẹ̀, gbogbo wọn ni yóò kàn. Nítorí náà, ní ọdún 2018, wọ́n kó 8 nínú wọn lọ sí igbó ọba Gadabedji, níbi tí a kò ti rí àgùnfọn mọ́ fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún. Ní 2022 wọ́n tún kó 4 sí i. Wọn kò kàn mú wọn ní òwúrọ̀ kí wọ́n sì tú wọn sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n kọ́kọ́ sé wọn mọ́ inú ọgbà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí wọ́n lè mọ́ra, kí a sì lè mọ bí ara wọn ti rí.

Ní Chad bákan náà, irú ẹtu ńlá kan wà tí ìwo rẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn bí dòjé, tí òyìnbó ń pè ní oryx. Ní ọdún 2000 wọ́n kéde pé kò sí ọ̀kan mọ́ nínú igbó ní gbogbo ayé. Inú ọgbà nìkan ni ó kù sí. Ní 2016 wọ́n fi ọkọ̀ òfurufú kó àwọn kan láti Abu Dhabi padà sí Chad, wọ́n sì ń bímọ níbẹ̀ títí di òní. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí tí inú rẹ̀ kò dùn, àfi bí kò bá fẹ́ràn ohun ẹlẹ́mìí.

Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ wọ̀nyí ní dókítà ẹranko, wọ́n ní ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, wọ́n ní owó, wọ́n sì ní sùúrù. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ níbi tí kò bá sí èyí.

ÒKÉTÉ TÍ Ó RE AMẸ́RÍKÀ

Ní oṣù kẹrin ọdún 2003, wọ́n kó nǹkan bí 800 ẹranko kékeré láti Ghana lọ sí Texas ní Amẹ́ríkà, fún àwọn tí ń fi irú ẹranko bẹ́ẹ̀ ṣe ohun ọ̀sìn nínú ilé. Òkété wà nínú wọn, ọ̀kẹ́rẹ́ wà níbẹ̀, òòrẹ̀ àti eku lóríṣiríṣi pẹ̀lú. Ẹnikẹ́ni kò rí àmì àìsàn tí ó lè dẹ́rù bà á. Ṣùgbọ́n lára àwọn kan nínú wọn ni àrùn mpox wà, èyí tí a ti ń pè ní monkeypox tẹ́lẹ̀, tí í máa sọ ara sí wẹ́wẹ́ bí ìgbóná.

Àwọn oníṣòwò kó àwọn ẹranko láti Ghana yìí sí ibi kan náà pẹ̀lú ẹranko Amẹ́ríkà kan tí ń gbé inú ihò, tí ó jọ ọ̀kẹ́rẹ́. Àrùn ràn mọ́ àwọn ẹranko ibẹ̀. Àwọn ènìyàn ra àwọn ẹranko yìí fún ọmọ wọn ṣeré, àrùn sì ràn mọ́ ènìyàn. Nígbà tí ìṣírò parí, ènìyàn 47 ni wọ́n kà pé ó mú tàbí pé ó ṣeé ṣe kí ó ti mú, ní ìpínlẹ̀ mẹ́fà. Ọlọ́run ṣe é, kò sí ẹni tí ó kú. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin dè é pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe kó irú eku àti òkété ilẹ̀ Áfíríkà wọ ilẹ̀ wọn mọ́.

Òkété tí a ń sọ yìí kì í ṣe ẹranko tí ń run. Ọ̀nà tí ó gbà ni ó kan wa. Láti ihò rẹ̀ ní Ghana dé ọwọ́ ọmọdé ní Amẹ́ríkà, kò sí ìdúró kan tí ẹnì kan ti wí pé, “Ẹ so èyí lọ́tọ̀ kí a wò ó ná.” Bí ó bá ṣe pé ẹdun tàbí ìnàkí ni, bákan náà ni ìbá rí. A sì gbọdọ̀ rántí pé àrùn yìí kò jìnnà sí wa: ó ti mú ènìyàn ní Nàìjíríà ní 1971 àti ní 1978, ó dákẹ́ fún nǹkan bí ogójì ọdún, ó sì tún yọjú ní 2017.

EÉGBỌN INÚ ÌRUN ÀTI LÉKELÉKE

Nígbà mìíràn, kì í ṣe ẹranko gan-an ni ó ń ṣàìsàn. Ohun tí ó lẹ̀ mọ́ ọn lára ni ewu. Ó ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ tí wọ́n ti fi ọkọ̀ ojú omi kó màlúù láti Senegal lọ sí erékùṣù Guadeloupe, ní ìhà Amẹ́ríkà. Eégbọn bá wọn lọ nínú irun, inú eégbọn náà sì ni àrùn kan wà tí ń pa màlúù, àgùntàn àti ewúrẹ́ tí kò bá mọ̀ ọ́n rí. Eégbọn náà ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Nígbà tí ó sì pẹ́, lékeléke tí ń bá màlúù rìn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọmọ eégbọn láti erékùṣù kan dé òmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí a kó fún àǹfààní onílé kan ṣe di ìyọnu fún odidi erékùṣù, tí kò sì sí ẹni tí ó lè fi lékeléke sẹ́wọ̀n.

Ní gúúsù Áfíríkà, nínú igbó ọba Kruger, màlúù àwọn àgbẹ̀ ni ó kó ikọ́ ẹ̀gbẹ ran ẹfọ̀n. Ní 1990 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i lára wọn. Kìnnìún pa ẹfọ̀n jẹ, ikọ́ náà sì ràn mọ́ kìnnìún. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá fẹ́ kó ẹfọ̀n jáde kúrò nínú igbó náà kàn fẹ́ kó ìyọnu lọ bá ẹlòmíràn ni, àfi bí a bá yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Nítorí náà, bí a bá ń sọ pé ẹranko yóò kó àrùn ran ènìyàn, kí a rántí pé ẹran ọ̀sìn tiwa náà lè kó o ran ẹranko. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

ÀWỌN ÌNÀKÍ LIBERIA

Ìtàn tí ó bà wá nínú jẹ́ jù lọ nínú gbogbo èyí tí a kà ni ti àwọn ìnàkí Liberia. Ní 1974 ni ilé-iṣẹ́ kan láti Amẹ́ríkà, New York Blood Center, dá ibi ìwádìí sílẹ̀ ní ilẹ̀ náà. Wọ́n kó ìnàkí jọ síbẹ̀, wọ́n sì ń fi wọ́n ṣe ìwádìí lórí àrùn ẹ̀dọ̀ tí oníṣègùn ń pè ní hepatitis. Àǹfààní ti inú rẹ̀ jáde fún ọmọ aráyé, a kò sẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí iṣẹ́ parí, kí ni a ó ṣe sí àwọn ìnàkí náà? Ìnàkí jẹ́ ẹranko tí ń run. Ojú ni a fi ń wá a nínú igbó Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ẹni tí kò bá ronú jinlẹ̀ yóò wí pé kí a kó wọn padà sínú igbó, kí wọ́n máa pọ̀ sí i.

Kò ṣeé ṣe. Àrùn ẹ̀dọ̀ ti wọ ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ nínú wọn, wọn kò sì mọ bí a ti ń wá oúnjẹ nínú igbó mọ́. Bí a bá tú wọn sáàárín àwọn ìnàkí tí ara wọn dá, àánú náà yóò di ikú. Nítorí náà ni wọ́n ṣe kó wọn sí orí àwọn erékùṣù kéékèèké láàárín omi, nítorí ìnàkí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀, a sì ń fi ọkọ̀ gbé oúnjẹ lọ bá wọn. Ní 2015 ilé-iṣẹ́ náà dáwọ́ owó oúnjẹ dúró, nígbà tí àrùn Ebola ṣì ń da Liberia láàmú. Ó lé ní 60 ìnàkí tí ó wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ Liberia tí ń tọ́jú wọn ni kò fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n ń wá ohun tí wọ́n lè rí fún wọn jẹ títí ìrànlọ́wọ́ fi dé láti ọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ aláàánú ẹranko. Ní 2017 ilé-iṣẹ́ náà gbà láti san mílíọ̀nù mẹ́fà dọ́là fún ìtọ́jú wọn.

Ẹ wo ìyàtọ̀ rẹ̀ ní Guinea, tí ó bá Liberia pààlà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2008, àwọn tí ń tọ́jú ọmọ ìnàkí tí a gbà lọ́wọ́ ọdẹ àti oníṣòwò tú 12 sílẹ̀ nínú igbó ọba Haut Niger. Ọdún gbọọrọ ni wọ́n ti fi tọ́ wọn, wọ́n sì yẹ ara wọn wò kí wọ́n tó jẹ́ kí wọ́n lọ. Ní ilẹ̀ tiwa níhìn-ín, ní Calabar, láti 1991 ni wọ́n ti ń gba irú ọ̀bọ ńlá kan tí ojú rẹ̀ dúdú bí èédú, tí òyìnbó ń pè ní drill, lọ́wọ́ àwọn tí ń so wọ́n mọ́ ilé. Wọ́n ń tọ́ wọn, wọ́n ń bímọ, wọ́n sì kó àwọn kan lọ sínú ọgbà ńlá ní Òkè Afi. Inú ọgbà ni wọ́n wà, kì í ṣe pé a kàn ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ẹni tí ó bá bi wọ́n pé kí ló dé tí ó fi ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ìtàn Liberia ni ìdáhùn rẹ̀.

Àti pé ènìyàn gan-an náà jẹ́ ewu fún wọn. Nínú igbó Taï ní Côte d'Ivoire, láàárín 1999 sí 2006, ìnàkí kú nítorí ikọ́ tí wọ́n kó lára ènìyàn, irú ikọ́ tí ọmọ wa lè hú fún ọ̀sẹ̀ kan kí ó sì lọ. Nítorí náà, ọmọ ọ̀bọ tí a so mọ́ ẹ̀yìn ilé fún oṣù mẹ́fà, tí ọmọdé ń fi ẹnu bù ú ní àkàrà, kì í ṣe ọ̀bọ igbó mọ́. Bí a bá wá ṣàánú rẹ̀ tí a tú u sílẹ̀, àrùn ilé wa ni a rán sínú igbó.

ÌRÌN-ÀJÒ FÚNRA RẸ̀ JẸ́ ÀÌSÀN

Ẹranko tí a fi àwọ̀n mú, tí a dì sínú àpótí, tí ọkọ̀ ń gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì láti àárọ̀ dalẹ́, ìbẹ̀rù a máa gba agbára ara rẹ̀. Àrùn tí ó ti ń sùn nínú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ a sì jí. Ìdí nìyí tí ẹranko tí ó dàbí ẹni tí ara rẹ̀ le nígbà tí a mú un fi lè máa tan àrùn kálẹ̀ nígbà tí ó bá dé.

Bí kò bá tilẹ̀ sí àrùn rárá, ibi tuntun le. Ní 2018 wọ́n kó àgbáńréré 6 láti Gúúsù Áfíríkà lọ sí igbó ọba Zakouma ní Chad. Àwọn tí ó mọṣẹ́ ni ó ṣe é, owó kò sì wọ́n wọn. Kí ọdún náà tó parí, 4 ti kú. Wọ́n yẹ òkú wọn wò, wọn kò rí àrùn tí ń ràn, wọn kò sì rí májèlé. Rírù ni wọ́n rù, nítorí ewéko ibẹ̀ kò bá wọn lára mu bí ti ilé wọn. Wọ́n kọ́gbọ́n, wọ́n sì tún kó 5 lọ ní 2023. Bí irú àwọn bẹ́ẹ̀ bá lè pàdánù mẹ́rin nínú mẹ́fà, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí àwa tí a kò ní dókítà ẹranko kan nínú ìgbìmọ̀ wa?

ÀDÁN IFẸ̀

Ẹnì kan lè wí pé, “Kí a má kó wọn wá, ó dára, ṣùgbọ́n ṣé a lè lé àwọn tí a kò fẹ́ lọ?” Lílé lọ náà, ṣíṣí nípò ni. Gbogbo ẹni tí ó bá ti dé Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀ ti rí àwọn àdán ńlá tí ń so rọ̀ sórí igi bí èso ní ìgbà tí wọ́n bá dé. Àjọ àgbáyé tí ń ṣọ́ ohun ẹlẹ́mìí ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé irú àdán yìí ti ń súnmọ́ àtirun. Àwọn ni ó ń gbin irúgbìn ìrókò káàkiri fún wa láìgba owó.

Òtítọ́ ni pé àrùn wà lára wọn. Ní 1956, ní Erékùṣù Èkó, wọ́n rí kòkòrò àrùn kan lára irú àdán yìí kan náà, tí ó jẹ́ ìbátan dìgbòlugi ajá. Orúkọ Èkó ni gbogbo ayé fi ń pè é di òní. Ní 1968 wọ́n rí ìbátan rẹ̀ mìíràn lára asín ní Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn, wọ́n sì sọ ọ́ ní Mọ́kọ́lá. Nítorí náà ni àwọn kan yóò ṣe wí pé kí a yìnbọn lé wọn, kí a sì gé igi wọn. Ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Uganda. Ní 2007 àwọn awakùsà ní ibi tí à ń pè ní Kitaka kó àrùn Marburg lára àdán inú ihò. Wọ́n pa àdán náà, wọ́n sì dí ihò. Nígbà tí ó di 2012, àdán ti padà wá. Wọn kò pọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìdá àwọn tí àrùn wà lára wọn ti ju ìlọ́po méjì ti àtijọ́ lọ. Ní ọdún náà kan náà ni àrùn tún bẹ́ sílẹ̀ ní agbègbè ibẹ̀. Èyí tí ó dákẹ́ jẹ́ẹ́ lórí igi, tí a kò fọwọ́ kàn, tí a kò sì pa jẹ, ewu rẹ̀ kéré sí èyí tí a tú ká.

BÀBÁ WA ŃKỌ́?

A mọ̀ pé àwọn bàbá kan yóò wí pé, “Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni a ti ń pa ẹran ìgbẹ́ jẹ, tí a sì ń bá wọn gbé, kí ló dé tí kò pa wá run?” Ọ̀rọ̀ náà ní ìwọ̀n. Ṣùgbọ́n ní ayé àwọn bàbá wa, ẹranko wà ní ààyè rẹ̀, igbó sì wà láàárín òun àti ilé. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn. Ẹni tí àrùn bá mú nínú ahéré, inú ahéré náà ni yóò gbé dùbúlẹ̀ títí yóò fi sàn tàbí títí Ọlọ́run yóò fi pè é. Lónìí, ẹran tí a pa lówùúrọ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ títì Ìbàdàn sí Ifẹ̀ kí oòrùn tó kan àtàrí, ó sì lè wà nínú àpò ẹni tí yóò sùn ní Lọ́ńdọ̀nù ní alẹ́ ọjọ́ kejì. Àrùn kò yí padà tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà ni ó ṣí sílẹ̀.

OHUN TÍ A DÁ LÁBÀÁ

Nítorí náà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún gbogbo ilé, àbá wa nìyí.

Èkíní: kí Ẹgbẹ́ gba ti igbó etí odò wọlé. Kí a pa ààlà rẹ̀, kí a dẹ́kun gígé igi àti sísun igbó níbẹ̀, kí a sì fi ẹ̀ṣọ́ sí i. Ṣùgbọ́n kí a má ra ẹranko kankan sínú rẹ̀. Bí igbó bá tún di igbó, àwọn tí ó kù ní àyíká wa yóò fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn wá. Ẹranko tí ó ti oko kejì rìn wá, àrùn tí ó bá gbé dání kò lè jẹ́ àjèjì sí wa.

Èkejì: bí ọdún bá gorí ọdún, tí irú kan kò sì padà, kí Ẹgbẹ́ kọ̀wé sí ìjọba àti sí àwọn dókítà ẹranko, kí àwọn tí ó mọṣẹ́ wá wo ilẹ̀ wa. Láti ọdún 2013 ni àjọ àgbáyé ti ṣe ìlànà fún iṣẹ́ yìí, àyẹ̀wò àrùn ní ibi tí ẹranko ti ń bọ̀ àti ní ibi tí ó ń lọ sì wà lára rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ra ọmọ ẹranko láàyè ní ẹ̀gbẹ́ títì kí ó ní òun ń ṣàánú. Ẹni tí ó rà á ti rán ọdẹ padà lọ mú òmíràn.

Ẹ̀kẹta: kí a má so ọ̀bọ mọ́ ilé mọ́. Ẹni tí ó bá ti ní ọ̀kan, kí ó má ṣe tú u sínú igbó fúnra rẹ̀. Kí ó fi tó Ẹgbẹ́ létí, kí a lè bá àwọn tí ó yẹ sọ̀rọ̀.

Ẹ̀kẹrin: ẹ̀yin ọdẹ wa, ẹ̀yin ni ojú ìlú nínú igbó. Bí ẹ bá bá òkú ẹranko tí kò ní ojú ọgbẹ́, ẹ má gbé e, ẹ má sì jẹ ẹ́. Ẹ wá wí. Ìròyìn kan láti ẹnu yín lè gba odidi ìlú là.

Ẹ̀karùn-ún: apá kan nínú owó tí a ti dá, kí a yà á sọ́tọ̀ fún abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi fún gbogbo ajá ìlú, àti ti kata fún ewúrẹ́ àti àgùntàn. Àrùn ń ti igbó wọ ilé, ó sì ń ti ilé wọ igbó. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba àlejò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbá àgbàlá rẹ̀.

Ẹ̀kẹfà, èyí sì kan ẹ̀yin ọmọ wa tí ó wà lẹ́yìn odi: ẹ má ṣe ránṣẹ́ sílé fún ẹran ìgbẹ́, yálà òkú rẹ̀ tàbí ààyè, bí ó ti wù kí ọkàn yín máa fà sí ọbẹ̀ ìyá yín tó. Láti 1985 ni òfin ilẹ̀ wa ti de òwò àwọn ẹranko tí ń run láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì. Òkété kan ní 2003 ti fi yé wa pé òfin náà kì í ṣe ti ẹranko nìkan.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, a mọ̀ pé ẹni tí ó ti ń retí kí ó rí ìgalà ní etí odò ní ọdún tí ń bọ̀ lè rò pé omi tútù ni a dà sí i lára. Kò rí bẹ́ẹ̀. Igbó ni a ní kí a kọ́kọ́ gbìn, kí ẹran tó dé. Ó lè jẹ́ pé púpọ̀ nínú àwa tí a wà níhìn-ín lónìí kò ní sí láyé nígbà tí ẹdun yóò tún fò lórí igi ní etí odò wa. Ṣùgbọ́n àwọn tí yóò rí i, kí wọ́n rí i pẹ̀lú ara líle, kí ewúrẹ́ wọn wà láàyè nílé, kí wọ́n má sì máa bi ara wọn pé ta ni ó gbé àrùn yìí wọ ìlú.

Ẹdúnàbọ̀n kò ní bàjẹ́ ní ojú wa o.